Oògùn Oníhóró Ìfètòsọ́mọbíbí: Bí Ẹ Ó Ṣe Lò Ó Tí Yóò Fi Ṣiṣẹ́

Obìnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kan tí a ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí, oyún oṣù mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀. Ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó fa káàdì oògùn yọ, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, oògùn tí ẹ fún mi rèé o. Mò ń lò ó." Mo gbé káàdì náà yẹ̀ wò. Hóró méje péré ló ti kúrò nínú rẹ̀, wọn ò sì tò tẹ̀lé ara wọn: ọ̀kan lókè, méjì láàárín, òmíràn nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹnu ọmọ tí eyín rẹ̀ ń ká. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń lò ó. Ó ní Èkó ni ọkọ òun ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó bá wọlé dé lòun máa ń gbé ẹyọ kan mì.

N kò bá a wí. Ẹ̀bi wa ni. Ọjọ́ tí a fún un ní oògùn, èrò kún orí bẹ́ńṣì, a sáré sọ ọ́ fún un, a ní kó máa lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá fún obìnrin ní káàdì, mo máa ń ní kó fi kọ́ mi bí òun yóò ṣe lò ó kó tó dìde. Ohun tí a jọ máa ń sọ lórí tábìlì yẹn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Oògùn ojoojúmọ́ ni, ọkọ wà nílé ni o, ọkọ ò sí nílé ni.

Ohun tó wà nínú hóró náà

Họ́mónù méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn la fi ń pè é ní oníhóró alápapọ̀. Ọ̀kan jẹ́ irú ẹ̀sìtírójìn, ìkejì jẹ́ irú purojẹ́sítírọ́ọ̀nù. Ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń ṣe méjèèjì. Lóṣooṣù, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ilé ẹyin pé kó mú ẹyin kan gbó, kó sì tú u sílẹ̀. Tí họ́mónù inú hóró yìí bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ kò ní ránṣẹ́ yẹn mọ́. Ẹyin kò jáde, àtọ̀ kò rí ohun tí yóò bá pàdé.

Ó tún ń ṣiṣẹ́ míì lẹ́nu ilé ọmọ. Obìnrin tó bá ń kíyè sí ara rẹ̀ mọ̀ pé ó ní ọjọ́ tí omi ojú ara máa ń yọ̀, tó sì máa ń fà bí ilá. Ọjọ́ tí àtọ̀ ń rọ́nà kọjá nìyẹn. Oògùn yìí máa ń jẹ́ kí omi náà ki bí ẹ̀kọ tó ti dì, ọ̀nà á sì há mọ́ àtọ̀.

Nínú Microgynon, tí ọ̀pọ̀ obìnrin mọ̀, levonorgestrel, ìyẹn irú purojẹ́sítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, jẹ́ 150 microgram, ethinylestradiol, ìyẹn irú ẹ̀sìtírójìn inú rẹ̀, sì jẹ́ 30 microgram. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ wá mú 30 nínú rẹ̀: bí ẹ̀sìtírójìn inú hóró kan ṣe kéré tó nìyẹn. Enovid, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1960 gẹ́gẹ́ bí oògùn máà-lóyún, ní 150 microgram irú ẹ̀sìtírójìn tirẹ̀. Nítorí náà, tí ìyá àgbà kan bá ń sọ bí oògùn náà ṣe fojú àwọn obìnrin ayé ìgbà kan rí màbo, òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ti òde òní kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tó máa ń dùn mọ́ mi láti sọ fún àwọn tó ń bẹ̀rù pé kẹ́míkà òyìnbó ni: iṣu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò ni Russell Marker, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ti rí ọ̀nà ṣe purojẹ́sítírọ́ọ̀nù lọ́pọ̀ yanturu ní àwọn ọdún 1940. Ibẹ̀ ni ọ̀nà oògùn yìí ti là. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé iyán o. Nínú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ohun inú iṣu náà di họ́mónù. Ìkòkò ọbẹ̀ kò lè ṣe é.

Báwo ló ṣe dájú tó? Nínú obìnrin 100 tó ń lò ó bí ọmọ èèyàn ṣe ń lo oògùn, tí wọ́n ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 7 ló ń lóyún láàárín ọdún kan. Nínú 100 tí kò gbàgbé rárá, kò pé ẹyọ 1. Ìyàtọ̀ láàárín 7 àti 1 yẹn, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló wà, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ dí. Kò dá HIV dúró, kò dá àtọ̀sí tàbí rẹ́kórẹ́kó dúró. Tí ara ẹnìkejì kò bá dá yín lójú, kóńdọ̀mù ní láti wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ ara yín fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín

Mo mọ̀ pé kẹ́mísì wà lójú títì, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ra káàdì àkọ́kọ́ bí ẹni ra páńdọ́ọ̀lù. Oògùn tó bá ara ọ̀rẹ́ yín mu lè má bá tiyín mu, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń fà á. Ẹ̀sìtírójìn máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ewu náà kéré: nínú obìnrin 10,000 tí kò lo oògùn, tí kò sì lóyún, nǹkan bí 2 ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí lára láàárín ọdún kan, nínú 10,000 tó ń lo èyí tó ní levonorgestrel, 5 sí 7 ni. Oyún fúnra rẹ̀ àti àwọn ọ̀sẹ̀ ìkúnlẹ̀ tún léwu ẹ̀jẹ̀ dídì ju oògùn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ewu yìí ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, àwọn la sì ń wá.

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì, kí wọ́n tó wọn ìfúnpá. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí ọ̀kadà, tó gun àtẹ̀gùn, tó ń bá ọmọ jà, èsì irọ́ ni ẹ̀rọ yóò sọ nípa rẹ̀. Tó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un wọ̀n tí kò wálẹ̀, oògùn alápapọ̀ kọ́ ló tọ́ sí yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ nǹkan wọ̀nyí láì dúró kí wọ́n bi yín:

- Tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú tí kò tíì pé oṣù 6. Ẹ̀sìtírójìn lè dín omi ọmú kù. Oògùn mìíràn wà tó ní họ́mónù kan ṣoṣo nínú, ìyẹn bá ìyá ọlọ́mọ mu.
- Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ kò sì fún un lọ́mú. Ó kéré tán, kí ọ̀sẹ̀ 3 kọjá. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè ní láti dúró di ọ̀sẹ̀ 6.
- Tí ẹ bá ti pé ọdún 35 tí ẹ sì ń mu sìgá.
- Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sí yín lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí, tàbí tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá, bàbá tàbí ọmọ ìyá yín. Tí àrùn ọkàn tàbí rọparọsẹ̀ bá ti ṣe yín.
- Tí ẹ bá ń ní túúlu, pàápàá èyí tó jẹ́ pé kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú á kọ́kọ́ máa rí iná tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, tàbí ìka á kú tipiri. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, torí ó so mọ́ rọparọsẹ̀.
- Jẹjẹrẹ ọmú, àrùn ẹ̀dọ̀ tó le, ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ SS.
- Oògùn tí ẹ ń lò lọ́wọ́, àti àgbo. Màá padà sórí èyí.

Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á lé yín. Abẹ́rẹ́ wà, èyí tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ apá wà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ wà. Àìbá ara mu oògùn kan kò sọ pé gbogbo ọ̀nà ti dí. Ẹni tó wà ní England lè gba ìwọ̀n ìfúnpá àti káàdì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn fámásì láti ìparí ọdún 2023 láì kọ́kọ́ rí dókítà. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba tó wà ládùúgbò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka káàdì náà bí ẹni ka kàlẹ́ńdà

Ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ yí i padà sí ẹ̀yìn. Àmì ọfà wà lára rẹ̀, ó ń júwe ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Lára àwọn kan, orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ sí ìdí hóró kọ̀ọ̀kan.

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù. Oríṣi kan ní hóró 28: 21 nínú rẹ̀ jẹ́ ti họ́mónù, 7 ìyókù kò ní họ́mónù rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, funfun ni ti họ́mónù, 7 yẹn á sì ní àwọ̀ ilẹ̀ torí irin ló wà nínú wọn, èyí tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Oríṣi kejì ní hóró 21 péré. Ẹ ó lò ó fún ọjọ́ 21, ẹ ó sinmi fún ọjọ́ 7, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun ní ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ náà ni ẹ ó máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí tó kù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé ni títí lọ.

Fún ẹni tí kò bá lè ka ọjọ́ dáadáa, oní-28 ni mo máa ń mú fún un. Kò sí ìsinmi níbẹ̀. Ẹ lo ìkẹyìn lónìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun lọ́la, ẹ̀jẹ̀ ń wá o, ẹ̀jẹ̀ kò wá o.

Láàárín ọjọ́ 7 yẹn ni nǹkan oṣù yóò dé, á sì sábà máa fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ààbò ṣì wà lórí yín láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, bí ẹ bá lo 21 àkọ́kọ́ pé, tí ẹ kò sì pẹ́ bẹ̀rẹ̀ káàdì tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tó rọrùn jù ni ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́, ààbò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, bó bá dájú pé ẹ kò lóyún, ṣùgbọ́n ẹ fi kóńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ 7. Kò sí ìdí tí a fi ní láti sọ fún obìnrin pé kó lọ dúró de nǹkan oṣù kó tó padà wá. Mo ti rí àwọn tó lọ dúró, oyún ló mú wọn padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ohun tí ẹ kì í gbàgbé, kí ẹ so ó mọ́ ọn

Wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fi wákàtí díẹ̀ pẹ́, kò bà jẹ́. Ìwúlò wákàtí kan náà ni pé ara yóò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ yóò sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Fóònù lè máa dún fún yín. Àwọn kan fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Màmá kan tó ń ta ẹ̀kọ sọ fún mi pé inú ike tí òun ń kó owó ọjà sí lálaalẹ́ ni òun fi káàdì òun sí, torí òun kò lè sùn láì ka owó. Ọgbọ́n tó dára jù tí mo tíì gbọ́ nìyẹn.

Alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ni mo máa ń yàn fún wọn, fún ìdí méjì. Bí inú bá fẹ́ ru, oorun á ti gbé e lọ. Ìkejì ni ààwẹ̀. Ẹni tó bá yan aago mẹ́wàá àárọ̀, bí Rámádánì bá dé tàbí tí ṣọ́ọ̀ṣì bá kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, gbogbo ètò á dàrú. Lẹ́yìn ìṣínu tàbí lásìkò sààrì, kò sí ohun tó yí padà.

Ẹ má fi káàdì sílé bí ẹ bá ń lọ sí ìnáwó tí ẹ ó sùn síbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé nìyẹn: wọ́n lọ sin òkú nílé àna lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé ni wọ́n padà dé, hóró mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Àti pé, bí hóró oní-àwọ̀ ilẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti kan yín, káàdì tó kàn gbọ́dọ̀ ti wà nílé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá gbàgbé

Ẹ ó gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ apá ibí yìí sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní nílò kó há a sórí. Ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 7 tí ẹ ń lo hóró họ́mónù tẹ̀lé ara wọn kí ilé ẹyin tó sùn dáadáa. Bí ó bá ti sùn, ọjọ́ 7 tí kò sí họ́mónù kò ní tó láti jí i pátá. Á yíra padà lórí ẹní, á fẹ́ lajú, hóró àkọ́kọ́ inú káàdì tuntun á tún rẹ̀ ẹ́ padà. Bí ìsinmi ọjọ́ 7 bá wá di 9 tàbí 10, á jí, ẹyin á sì lè jáde. Ìyẹn ni pé hóró tó léwu jù láti gbàgbé ni èyí tó fara kan ọjọ́ 7 náà, yálà ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin rò pé tìbẹ̀rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á ní, "Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nǹkan oṣù ni." Ibẹ̀ gan-an ni oyún ti ń wọlé.

Bó bá jẹ́ hóró họ́mónù kan ṣoṣo ni ẹ gbàgbé, ẹ lò ó gẹ́rẹ́ tí ẹ bá rántí, kódà bó jẹ́ pé méjì lẹ ó gbé mì lọ́jọ́ kan. Ẹ máa bá ìyókù lọ. Kò sí ohun míì láti ṣe.

Bó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ̀lé ara wọn, ẹ lo èyí tí ẹ gbàgbé kẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbé mẹ́ta, mẹ́rin mì pọ̀ láti fi san gbèsè. Èébì nìkan ni yóò fi fún yín. Ẹ máa bá káàdì lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ẹ lo kóńdọ̀mù tàbí kí ẹ má bá ọkùnrin lò rárá títí ẹ ó fi lo hóró họ́mónù 7 tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà:

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní káàdì, tí ẹ bá ti bá ọkùnrin lò láàárín ọjọ́ 5 sẹ́yìn láì lo kóńdọ̀mù, ẹ lọ gba oògùn pàjáwìrì irú Postinor. Bó bá ti tètè tó ni agbára rẹ̀ pọ̀ tó. Láàárín ọjọ́ 3 ló dára jù, wọ́n ṣì lè fún yín títí di ọjọ́ 5.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí ẹ bá ti lo ti ọ̀sẹ̀ kìíní pé, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Kóńdọ̀mù ọjọ́ 7 ti tó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ lo hóró họ́mónù tó kù tán, ẹ sọ 7 oní-àwọ̀ ilẹ̀ nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun lọ́jọ́ kejì láì sinmi. Nǹkan oṣù lè má wá lóṣù náà. Kò séwu níbẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé oní-àwọ̀ ilẹ̀, ẹ jù ú nù, ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀ káàdì tó kàn lọ́jọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ti gbọ́ pé ìgbà tí èèyàn bá gbàgbé hóró mẹ́ta ló tó ní láti fi kóńdọ̀mù kún un, pé kì í ṣe méjì. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún irú èyí tó ní 30 microgram sọ pé mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba sọ pé méjì. Méjì ni mò ń kọ́ àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi, torí kóńdọ̀mù ọjọ́ 7 kò wọ́n tó oyún.

Èébì, ìgbẹ́ gbuuru, àti oògùn míì

Bí ẹ bá bì láàárín wákàtí 3 tí ẹ gbé hóró mì, ẹ lo òmíràn. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá le tó sì kọjá ọjọ́ kan, ẹ kà á sí pé ẹ gbàgbé oògùn láwọn ọjọ́ náà, kí ẹ tẹ̀lé ohun tí mo kọ sókè.

Àwọn oògùn kan máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ họ́mónù dànù: rifampicin tí wọ́n ń fún ẹni tó ní ikọ́ fée, carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital tí oníwárápá ń lò, pẹ̀lú díẹ̀ nínú oògùn HIV. Ẹni tó ń lo lamotrigine fún wárápá ní láti sọ, torí oògùn oníhóró yìí ló ń dín agbára tìyẹn kù, gìrì sì lè padà wá. Amoxicillin kì í bà á jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọjà ló ń sọ pé ó ń bà á jẹ́. Àgbo ni kí ẹ gbé ìgò rẹ̀ wá fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ sọ ewé àti egbò tó wà níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Inú lè máa ru. Ọmú lè máa ro. Orí lè fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa kán tótòtó láàárín oṣù, èyí ló sì ń lé ọ̀pọ̀ sá. Wọ́n á rí i lára páńtì, wọ́n á ní oògùn ti ba ilé ọmọ jẹ́, wọ́n á dáwọ́ dúró ní àárín káàdì. Ilé ọmọ ń kọ́ bí yóò ṣe bá họ́mónù tuntun gbé ni. Láàárín oṣù 3, ó sábà máa ń dáwọ́ dúró. Ẹ má ṣíwọ́, ẹ má gbàgbé, torí ìgbàgbé gan-an máa ń dá ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀. Bó bá kọjá oṣù 3, ẹ padà lọ, wọ́n lè yí i sí òmíràn fún yín.

Fún àwọn tí inú máa ń run bíi pé kí wọ́n kú lásìkò nǹkan oṣù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ya débi pé òòyì á kọ́ wọn, oògùn yìí lè jẹ́ ìtura ńlá. Irorẹ́ náà máa ń dín kù lójú ọ̀pọ̀. Ó tún máa ń dín ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti ti ilé ọmọ kù. Ó máa ń fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ fún ìgbà tí èèyàn ń lò ó, èyí sì máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Mo máa ń sọ ìhà méjèèjì, torí obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń gbé mì.

Àmì tí ẹ kò gbọdọ̀ sùn lé lórí

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń ro ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun, tí èkejì kò ṣe nǹkan. Bí àyà bá ń dùn yín gan-an tàbí tí èémí kò délẹ̀. Bí orí bá ṣàdédé fọ́ lọ́nà tí kò fọ́ rí, tí ojú ṣókùnkùn, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara. Bí inú bá ń ro burúkú, bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ibà pọ́njú. Ẹ dáwọ́ oògùn dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni ẹ ń lò. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Bí ẹ bá pa á mọ́, wọ́n lè máa tọ́jú ibà nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri, àti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bímọ

"Hóró náà ń kóra jọ sínú ilé ọmọ." Inú ikùn ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń yọ́ bíi gbogbo oògùn, á wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á fọ̀ ọ́, á bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde. Ìyẹn ni ẹ fi ní láti máa lò ó lójoojúmọ́. Ká ní ó ń kóra jọ ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ì bá tó.

"Ó ń sọ obìnrin di àgàn." Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, ẹyin lè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn kan máa ń lóyún lóṣù tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìdí láti fi oògùn sinmi lọ́dọọdún kí ilé ọmọ lè mí sí i. Nínú irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rí oyún tí wọn kò múra sílẹ̀ fún. Bó bá wá ṣèèṣì pé ẹ ti lóyún kí ẹ tó mọ̀, tí ẹ sì lo hóró díẹ̀ lórí rẹ̀, kò ní ṣẹ́ oyún náà, kò sì ní ba ọmọ jẹ́. Ẹ kàn dáwọ́ dúró, kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún.

Ẹni tó bá fẹ́ bímọ, kó lo káàdì ọwọ́ rẹ̀ tán, kó sì bẹ̀rẹ̀ fítámínì tí wọ́n ń pè ní folic acid kó tó dáwọ́ dúró.

Obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí bí ọmọkùnrin kan. Abẹ́rẹ́ la fún un lásìkò tó ń fún ọmọ lọ́mú. Nígbà tí ọmọ pé oṣù méje, ó ní káàdì ni òun fẹ́. A wọn ìfúnpá rẹ̀, 118/76. Mo gbé káàdì sọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó kọ́ mi. Ó gbé ọmọ sí itan kan, ó fi ìka tọ ọfà náà láti hóró kìíní dé ìkejìdínlọ́gbọ̀n, ó ń ka ọjọ́ jáde: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó dé Ẹtì, ó dúró, ó wò mí lójú, ó ní, "Jímọ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́." Ó wá ń ka ìyókù lọ.